Ta Ló Sọ Pé Fóònù Yín Ti Gbó?

Ẹ̀gbọ́n ìyá wa kan ń ta ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Màmá Bódìjà la máa ń pè wọ́n. Ọdún 2018 ni wọ́n ra fóònù tí wọ́n ń lò. Ojú ẹ̀ ti là ní igun kan, wọ́n sì ti fi rọ́bà dè é lẹ́yìn kí ìdérí ẹ̀ má baà ṣí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi pe èèyàn, ketekete lẹ máa gbọ́ wọn, òun náà ni wọ́n sì fi ń ya fọ́tò àpò ẹ̀wà ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà lórí WhatsApp.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan ra ẹ̀lùbọ́, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́. Màmá fẹ́ wo áàpù tí wọ́n fi ń gbowó bóyá ó ti wọlé. Áàpù ò ṣí. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀dà tuntun. Wọ́n tẹ ibi tó ní kí wọ́n tẹ̀. Ibi tó gbé wọn lọ tún sọ fún wọn pé fóònù wọn kò bá ẹ̀dà tuntun náà mu. Oníbàárà ń búra, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ń kánjú, Màmá sì di àpò ẹ̀lùbọ́ mú. Wọn ò lè gbé e fún un, wọn ò sì lè lé e. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e fún un. Wọ́n ní ojú ẹ̀ jọ ojú ẹni tó ń sọ òótọ́. Owó náà wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó mọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n lọ tò ní báǹkì.

Nígbà tá a lọ kí wọn lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n gbé fóònù náà lé wa lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà yìí, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé fóònù mi ti gbó ni? Ọdún mélòó-mélòó ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀ gan-an?"

A ò lè dáhùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Kì í ṣe pé a ò mọ ìdáhùn. Áàpù tí wọ́n ń wí yẹn, ilé iṣẹ́ tá a ti ń ṣiṣẹ́ ló ṣe é, ọwọ́ wa sì wà níbẹ̀.

Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà la jókòó sí ìpàdé kan. Ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ wá pé ká má ṣe áàpù náà mọ́ fún fóònù tó bá wà lórí Android 7 sí ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń lo irú fóònù bẹ́ẹ̀ nínú àwọn oníbàárà wa kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ tí wọ́n sì ń kó bá wa pọ̀: gbogbo ohun tuntun tá a bá ṣe, a gbọ́dọ̀ tún dán an wò lórí fóònù àtijọ́, a gbọ́dọ̀ tún kọ kóòdù mìíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú kóòdù áàpù Android, nọ́ńbà kan wà tó ń sọ ẹ̀dà Android tó kéré jù tí áàpù náà lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Tiwa jẹ́ 24. A yí i sí 26. Ìlà kan ṣoṣo ni. Kò sẹ́ni tó jiyàn, àwa náà ò jiyàn. Ìpàdé ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tá a fi tú ká, tá a lọ jẹun.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ àròkọ yìí. "Ọdún mélòó-mélòó ló yẹ kéèyàn pààrọ̀ fóònù?" jẹ́ ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi ara wọn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àárín àwọn àti àpò owó àwọn ni. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dọọdún, a ní aláfẹ́ ni. Ẹni tó lo tiẹ̀ di ọdún keje, a ní ahun ni. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn ìbéèrè yẹn ti jáde nínú ìpàdé tí a ò pe onífóònù sí. Wọ́n ní bí ọ̀bẹ bá mú títí, kì í gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Lónìí, a fẹ́ gbìyànjú láti gbẹ́ èèkù tiwa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn tí Màmá rí, ká kà á bí a ṣe máa ń ka ìwé fínnífínní níbí yìí. "Fóònù yín kò bá ẹ̀dà yìí mu." Ta ni olùwà gbólóhùn náà? Fóònù ni. Ta ló kọ̀? Fóònù ló kọ̀. Ẹni tó bá kà á yóò gbà pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí fóònù òun lóru, àbí pé òun fúnra òun ti ṣe àṣìṣe níbì kan. Bẹ́ẹ̀ ni ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀ sí fóònù Màmá. Bó ṣe wà lánàá náà ló wà lónìí. Àwa la kúrò níbi tá a wà, tá a wá ní òun ni kò bá wa mu mọ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ gbólóhùn báyìí, ní ọ̀nà tó fi lè sọ ohun tí wọ́n ṣe láì dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ó lè sọ pé ohun kan di pípatì, kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Yorùbá kì í sábà gbà fún èèyàn bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ máa ní láti fi ẹnì kan síwájú gbólóhùn: "Wọ́n ti pa á tì," tàbí "A ti pa á tì." Kódà tí ẹ bá fi "wọ́n" bò ó, ẹni tó ń gbọ́ yín ṣì lè bi yín pé, "Àwọn wo?" Ká ní gbólóhùn tó jáde lójú fóònù Màmá ni pé, "Wọ́n ti pa fóònù yín tì," Màmá ì bá ti bèèrè lójú ẹsẹ̀ pé àwọn wo nìyẹn, kí lòun fi ṣe wọ́n. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi wá nìyẹn. Gbólóhùn tá a fi síbẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n lè bi wá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "gbó" pàápàá. Aṣọ a máa gbó nítorí oòrùn, nítorí òógùn, nítorí ọwọ́ alágbàfọ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò rí i bó ṣe ń gbó díẹ̀díẹ̀, kò sí ìpàdé tí wọ́n lè ṣe ní Èkó tó máa sọ agbádá inú àpótí yín di àkísà mọ́jú. Fóònù ní tiẹ̀ lè wà lódindi kí wọ́n sọ pé ó ti gbó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo BlackBerry rántí. Ìgbà kan wà ní Nàìjíríà yìí tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá ní "pin" BlackBerry, bí ẹni tí kò sí láwùjọ ló rí. Ní ìparí ọdún 2017, WhatsApp ní àwọn ò ní ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2022, ilé iṣẹ́ BlackBerry fúnra ẹ̀ pa ẹ̀rọ tó gbé àwọn fóònù àtijọ́ wọ̀nyẹn dúró. Ọ̀kan ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ wa nílé. Àwọn bọ́tìnì ẹ̀ ṣì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bó ṣe máa ń dún. Kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́ nínú ẹ̀.

Tá a bá wá ní ká lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ àyẹ̀wò fóònù, kí la máa rí? Àwa náà máa ń wò wọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Wọ́n á ṣí páálí, wọ́n á yọ fóònù jáde nínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e sápá ọ̀tún, wọ́n á gbé ti ọdún tó kọjá sápá òsì. Kámẹ́rà tọ̀hún rí báyìí, tibí rí báyìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dájọ́: ẹ rà á, tàbí ẹ dúró de ti ọdún tó ń bọ̀. Bí iṣẹ́ àríwísí, àbùkù méjì ló wà lára ẹ̀. Èkíní, ẹni tó ń wò wọ́n kì í sábà ní èyí tọdún tó kọjá lọ́wọ́. Èyí tí ó ti lò fún ọdún mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, èyí yẹn ò sì sí lórí tábìlì. Èkejì, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fóònù náà ni wọ́n ń sọ. Ó dà bí ẹni tó ka ojú ìwé àkọ́kọ́ ìtàn àròsọ kan tó wá sọ fún wa bí ìtàn náà ṣe parí. Ṣàṣà lẹni tó máa ń padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta láti sọ pé, "Fóònù tí mo ní kẹ́ ẹ rà lọ́jọ́sí, báyìí ló ṣe ń ṣe o."

Ọdún méjì-méjì táwọn èèyàn ń kà lórí fóònù náà ní ìtàn. Ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fún oníbàárà ní fóònù lówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n á mú un tọwọ́ bọ̀wé ọdún méjì. Iye fóònù gan-an ti wà nínú owó tó ń san lóṣooṣù. Tí ọdún méjì bá pé, wọ́n á fún un ní tuntun, àdéhùn á tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2013 ni T-Mobile fòpin sí irú àdéhùn yìí, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ọdún méjì jẹ́ ọjọ́ orí ìwé àdéhùn, kì í ṣe ọjọ́ orí fóònù. Ní tiwa, láti ìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà ní 2001, owó ọwọ́ wa lọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ra fóònù, a ó wá máa ra káàdì sí i. A ò tọwọ́ bọ ìwé kankan. Síbẹ̀, ọdún méjì yẹn sọdá òkun wá bá wa, ó fi ìwé àdéhùn sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ó dáa, kí ló ń mú fóònù darúgbó ní tòótọ́? Bátìrì ni ti àkọ́kọ́. Ìṣirò tó wọ́pọ̀ ni pé tá a bá ti ṣaàjì ẹ̀ láti òfo dé kíkún ní bíi 500 ìgbà, agbára tó lè dì mú á ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́. Ooru a máa mú un yára rẹ̀. Apple ní ká má lo iPhone níbi tí ooru bá ti ju ìwọ̀n 35 ti Celsius lọ. Ẹni tó bá mọ ìsọ̀ abẹ́ páànù ní Bódìjà lóṣù kẹta, tó mọ bí a ṣe ń sáré ki ṣájà bọ ògiri nígbàkígbà tí iná bá dé, mọ̀ pé bátìrì tiwa ń jìyà. Ṣùgbọ́n bátìrì ṣeé pààrọ̀. Àwọn tá à ń pè ní ẹnjiníà ní Computer Village, n'Ìkẹjà, ń ṣe é lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìsọ̀ tí kò fẹ̀ ju tábìlì kan lọ.

Bí bátìrì ṣe lè di irọ́ nípa fóònù, ọ̀rọ̀ Apple kọ́ wa. Lóṣù kejìlá ọdún 2017, wọ́n jẹ́wọ́ pé update tí àwọn fi ránṣẹ́ sí àwọn iPhone kan ń dín eré wọn kù tí bátìrì bá ti rẹ̀. Wọ́n ní bátìrì tó ti rẹ̀ lè mú kí fóònù kú lójijì, pé nítorí kó má baà kú làwọn ṣe dín eré ẹ̀ kù. Àwa tá a wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ̀ pé àlàyé náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀bi wọn ni pé wọn ò sọ fún ẹni tó ni fóònù. Ẹni tó rí i pé tòun ń fà bí ìgbín á ní ó ti gbó, á lọ ra òmíràn, nígbà tó jẹ́ bátìrì lásán ni ì bá pààrọ̀. Apple tọrọ àforíjì, wọ́n sì dín owó pípààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí dọ́là 29 jálẹ̀ ọdún 2018. Ní 2020, ìjọba Faransé bu ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé wọn nítorí pé wọn ò sọ̀rọ̀ jáde.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù nínú ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Tim Cook, ọ̀gá àgbà Apple, kọ̀wé sí àwọn olùdókòwò láti ṣàlàyé ìdí tí owó tó wọlé fi kéré sí èyí tí wọ́n ti retí. Ọ̀rọ̀ ajé orílẹ̀-èdè China ló fi ṣe olórí ìdí. Ṣùgbọ́n lára àwọn ìdí tó kà fún bí àwọn èèyàn ò ṣe pààrọ̀ fóònù tó bí wọ́n ṣe rò ni pé àwọn kan ti lo àǹfààní bátìrì olówó pọ́ọ́kú yẹn. Ẹ tún un gbọ́ o: èèyàn pààrọ̀ bátìrì, ó rí i pé fóònù òun ò tíì gbó, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ìwé ìṣirò owó ilé iṣẹ́ tó wà lára àwọn tó lówó jù láyé.

A gbọ́dọ̀ sọ apá kejì náà, nítorí tí a bá fi í pamọ́, a ò yàtọ̀ sí àwọn tá à ń bá wí. Fóònù tí wọn ò fi update ààbò ránṣẹ́ sí mọ́ léwu lóòótọ́. Lójoojúmọ́ làwọn ọ̀daràn ń wá ihò tuntun nínú ètò Android àti ti iPhone. Tí wọ́n bá rí ihò náà, ilé iṣẹ́ á dí i lórí fóònù tí wọ́n ṣì ń tọ́jú; lórí èyí tí wọ́n ti pa tì, ihò náà á wà bẹ́ẹ̀ gbére. Ẹni tó fi irú fóònù bẹ́ẹ̀ gbọ́ redíò, tó fi pe ọmọ ẹ̀, kò sí wàhálà. Ẹni tí gbogbo owó ọjà ẹ̀ wà lórí ẹ̀ ń kó sínú ewu. Nígbà tí a ní Android 7 ti tó gẹ́ẹ́, a ò parọ́. Ìgbèsè iṣẹ́ wa ni láti dáàbò bo owó Màmá.

Ṣùgbọ́n "kò ṣeé ṣe" àti "kò wù wá ṣe" jìnnà síra, àwa olùṣètò kọ̀ǹpútà sì máa ń fi ọ̀kan pe èkejì. Ẹ wo ohun tí Let's Encrypt ṣe. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fún àwọn ìkànnì ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó ń jẹ́ kí fóònù mọ̀ pé ìkànnì tí òun dé kì í ṣe ayédèrú. Lóṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n kìlọ̀ pé láìpẹ́, fóònù Android tí ẹ̀dà ẹ̀ kò tó 7.1.1 kò ní dá ìwé ẹ̀rí àwọn mọ̀ mọ́, àìmọye ìkànnì ò sì ní ṣí lórí ẹ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo fóònù Android ló wà nínú ewu náà nígbà yẹn. Wọ́n ì bá ti ní kí olúkúlùkù lọ ra tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá, wọ́n ti bá IdenTrust, ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dúró fún wọn, sọ̀rọ̀, wọ́n sì rí ọgbọ́n kan dá tó fi ọdún mẹ́ta kún ẹ̀mí àwọn fóònù yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n ṣe é fún ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn yẹn pé fóònù wọn ti gbó, fóònù wọn ò sì gbó.

Nígbà tá a ronú kan ìpàdé tiwa, ohun tó dùn wá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé, "Ṣé ọgbọ́n kankan ò sí?" Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún la rí lójú ìwé. A ò rí ẹni tó di àpò ẹ̀lùbọ́ mú.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì kéré lápò. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan. Lọ́dún 2024, ó ju 1,400 lọ. Dọ́là ni wọ́n fi ń kó fóònù wọlé. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin sọ di 70,000 náírà ní oṣù keje 2024, fóònù Android gidi kan á sì gba ju owó oṣù kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń gba iye yẹn. Tá a bá yí 24 sí 26, a ti bu owó lé ẹnì kan lórí, a ò sì bá a sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi wá ní ọdún mélòó, a ò ní dárúkọ ọdún kankan. A ó ní kẹ́ ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: ṣé bátìrì ni ó rẹ̀ ni, àbí àyè ìpamọ́ ẹ̀ ló kún? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ pa àwọn fídíò àdúrà àárọ̀ tó ti kún ibẹ̀ láti ọdún mẹ́ta rẹ́, kẹ́ ẹ tún un wò. Èkejì: ṣé wọ́n ṣì ń fi update ààbò ránṣẹ́ sí i? Ẹ lọ sí "Settings", ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Security update" sí, ẹ wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Tó bá ti lé ní ọdún kan, tówó yín sì wà lórí fóònù náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta: ṣé iṣẹ́ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe, tó kọ̀ jálẹ̀ láti ṣe lórí ẹ̀? Tí ìdáhùn ẹ̀kẹta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àsìkò ti tó. Tí ohun kan ṣoṣo tó ń dùn yín bá jẹ́ pé tọ̀rẹ́ yín tuntun ju tiyín lọ, kò tíì tó jàre.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ rà, ẹ bèèrè ọjọ́ tí update ẹ̀ máa parí kẹ́ ẹ tó bèèrè kámẹ́rà. Google ṣèlérí ọdún méje fún Pixel 8 tó jáde ní 2023, Samsung sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Yúróòpù, láti ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2025, òfin ti ní bátìrì fóònù tuntun gbọ́dọ̀ lè gba ṣaàjì 800 ìgbà kó sì ṣì di ìdá 80 mú, kí àwọn ẹ̀yà ara pàtàkì tí wọ́n fi ń tún un ṣe sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó fún ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n bá dẹ́kun títa á. Ọjà Bódìjà ò sí lábẹ́ òfin Yúróòpù, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ọ̀hún ń bọ̀ wá bá wa.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ náà o. Ọjọ́ tí irú fóònù yẹn jáde ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún update ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á n'Ìkẹjà. Fóònù ọlọ́dún mẹ́rin tó ń dán gbinrin, tí wọ́n ṣèlérí ọdún márùn-ún fún, ọdún kan ló kù fún un. Ẹ fi ọdún tó kù pín iye owó ẹ̀. Ká ní ọ̀kan jẹ́ 180,000 náírà tó sì ku ọdún méjì, 90,000 lẹ ń san lọ́dún kan. Ká ní òmíràn jẹ́ 300,000 tó ku ọdún márùn-ún, 60,000 ni. Èyí tó wọ́n lójú ló rọ̀jú lápò, fún ẹni tó bá rí 300,000 kó jọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ò rí i, a sì mọ̀.

Ìyẹn nìdáhùn tá a fún Màmá, tá a sì mọ̀ pé kò pé. Nígbà tá a padà síbi iṣẹ́, a ní ká tún ọ̀rọ̀ Android 7 sọ. A bèèrè fún ọdún kan sí i. Wọ́n gbọ́ wa dáadáa, wọ́n sì dìbò pé rárá, nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. A ò lè sọ pé wọ́n ṣì í. Ohun méjì ni wọ́n gbà: pé láti ìsinsìnyí lọ, a ò ní pa ẹ̀dà kankan tì láì kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta kìlọ̀; àti pé kí àwa tá a mú ọ̀rọ̀ náà wá lọ tún gbólóhùn tó ń jáde lójú fóònù kọ. A kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ìgbò, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó wà nínú ti Yorùbá nìyí: "Fóònù yín kò bàjẹ́. Àwa tá a ṣe áàpù yìí la ò ṣe é fún irú fóònù yín mọ́, nítorí ààbò owó yín. Owó yín wà níbẹ̀. Ẹ lè máa fi kóòdù tó wà nísàlẹ̀ yìí wò ó lórí fóònù èyíkéyìí." Ẹnì kan ní ìpàdé bèèrè pé ṣé dandan ni ká kọ "àwa". A ní dandan ni.

Màmá ti ra tòkunbọ̀ kan báyìí. A jọ yan án ni, update ẹ̀ ku ọdún mẹ́ta. Èyí àtijọ́ ṣì wà nínú àpò ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń kó owó sí, òun ni wọ́n ṣì fi ń ya àpò ẹ̀wà, wọ́n ní ojú ẹ̀ ti mọ́ àwọn lára. Nígbà tá a lọ kí wọn kẹ́yìn, a tẹ áàpù lórí ẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tá a kọ. Wọ́n wọ awò ojú wọn. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbójú sókè wò wá.

"Háà," ni wọ́n wí. "Àṣé ẹ̀yin ni."

A ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Àwa ni."